Ẹ̀rọ Tó Ń Sinmi Jù

Ata Wẹ́wẹ́ ni Bàámi ń pè mí láti kékeré, nítorí inú mi kì í pẹ́ bí. Mi ò bá wọn jiyàn. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe, iṣẹ́ náà sì bá mi lára mu: bí mo bá pariwo mọ́ ẹ̀rọ, kì í lọ fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ̀rọ tépù Bàámi ni mo wá wò. Onífọ́tò ni Bàámi. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ya àwọn èèyàn, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà wọn tí wọn kò ní sọ fún pé, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Ọ̀gá Rẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò wá mọ̀ wọ́n sí. Gbogbo fọ́tò ọ̀hún ló wà nínú dísìkì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, dísìkì náà sì ti darúgbó. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kọ̀ǹpútà ti ń kìlọ̀ pé dísìkì náà lè kú nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí Bàámi fi wá ẹ̀rọ tépù rà, èyí tí yóò da gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀dà kejì lè wà nípamọ́.

Fọ́tò nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Màámi ló tẹ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ta nìyí, ọmọ ta ni, ọjọ́ wo ni wọ́n yà á, kí ló dé tí ọmọ yẹn ń sunkún. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màámi lápá ọ̀tún. Ọwọ́ tó tẹ gbogbo orúkọ yẹn kò lè di ṣíbí mú mọ́. Bí dísìkì bá kú kí kásẹ́ẹ̀tì tó gba ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún un tẹ̀.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ló ní ó kù," Bàámi wí, wọ́n nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ìwọ sì sọ fún mi pé wákàtí mẹ́fà ni."

"Wákàtí mẹ́fà náà ni, Bàámi. Dísìkì yẹn ò sì lè gbé ọjọ́ mọ́kànlá."

Mo tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tépù tí ara rẹ̀ dá a máa hùn lóhùn kan ṣoṣo. Ti Bàámi a hùn díẹ̀, a dákẹ́, a sáré padà sẹ́yìn, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, bí ẹni tó ń rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé ní gbogbo ìgbà tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bàámi ti ki wáyà ẹ̀rọ náà sínú àpótí kékeré kan tí wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti kámẹ́rà jọ ń wọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mo ki í sára kọ̀ǹpútà tààrà. Kò yí padà. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń nu orí tí ẹ̀rọ fi ń kọ nǹkan sí i, ẹ̀rọ náà nu ara rẹ̀ tán, ó tún padà sí ìwà rẹ̀. Mo pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì sí tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá, pàbó ló já sí. Mo dán dísìkì fúnra rẹ̀ wò bóyá òun ló ń falẹ̀. Àgbà náà ṣì ń sáré ju bí mo ṣe rò lọ.

Inú ti ń bí mi. Bàámi dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wí pé, "Rọra o, Ata. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ibi tí a wà nìyẹn tí mo fi gbọ́ ìró ọ̀pá Màámi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàámi fi mí sílẹ̀, wọ́n sáré jáde.

"Ó tó. Jókòó. Sinmi."

Mo yọjú. Láti yàrá Màámi dé yàrá iṣẹ́ tí a wà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ, ṣùgbọ́n Bàámi ti to àga mẹ́ta sójú ọ̀nà, ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Àga ṣọ́ọ̀bù wọn ni, àní àga roboto tí àwọn oníbàárà fi ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló kángun sí wa. Màámi ti jókòó sórí àkọ́kọ́, wọ́n fajú ro.

"Ní ọsibítù, wọ́n ní kí n máa rìn, Ọ̀gá."

"Ṣebí ò ń rìn náà."

"Ìrìn kọ́ nìyí. Ẹ kàn ń gbé mi jókòó káàkiri ni."

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ nígbà tí Màámi fẹ́ dìde, ẹ̀rín ọ̀hún gbẹ lẹ́nu mi. Ọwọ́ òsì tẹ ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n lójú. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin yẹn ò mú wọn mí gúle-gúle. Dídìde lórí àga ló ń gba gbogbo agbára wọn, àga mẹ́ta sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ dìde lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti oṣù márùn-ún, wọn ò tíì dé yàrá iṣẹ́ rí. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n padà jókòó.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tépù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹnìkan ti fa eré tí àwọn fọ́tò fi ń wọ inú rẹ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni náà tún pàṣẹ pé bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sinmi fún márùn-ún.

"Bàámi, ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Àlòkù lẹ̀rọ yẹn. Mi ò fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́."

"Ìtọ́jú yín ló ń pa á, Bàámi." Ohùn mi ti ròkè, mi ò sì dá a dúró. "Ẹ̀rọ yìí, sísáré kì í rẹ̀ ẹ́. Sísáré ni wọ́n ṣe é fún. Bí ohun tó fẹ́ kọ ò bá tètè dé, kò lè dúró lójú kan náà, á ré kọjá, á dúró, á padà sẹ́yìn wá ibi tó kọ dé, á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Dídúró àti gbígbéra yẹn ló ń mú un gbó, òun ló ń ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ tún ní kó máa sinmi lé e."

 Mo rò pé Bàámi máa rán mi létí ẹni tó bí mi. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ ṣubú," ni wọ́n wí, "fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé la ń ṣe. Ó ní ó rẹ òun, kí òun sinmi díẹ̀. Mo ní ó ku mẹ́wàá péré, ká parí ẹ̀. Kò tẹ̀ tó mẹ́ta." Wọ́n nu imú. "Mi ò tún fẹ́ kí ohunkóhun ṣiṣẹ́ jù nínú ilé yìí mọ́. Àtẹ̀rọ, àtèèyàn."

Gbogbo ìbínú mi wọlẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá yìí púpọ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Bàámi. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa. Fọ́tò mẹ́wàá kọ́."

Wọ́n mi orí, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà. Mo fa eré náà sókè, mo pa àṣẹ ìsinmi rẹ́, mo sì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ó hùn. A jọ ń dúró kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ní ó ku wákàtí mẹ́fà.

"Ata." Màámi ló pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti jókòó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa.

"Mà."

"Kí lo ní ó ń mú un gbó?"

Mo wojú Bàámi kí n tó dáhùn. "Dídúró àti gbígbéra, mà."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́?"

Bàámi jáde lọ bá wọn. Wọ́n gbé àga kejì kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n gbé e ti ògiri yàrá. Nígbà tí wọ́n nawọ́ sí àga pásípọ́ọ̀tù, Màámi ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Kí o lè jókòó?"

"Kí ẹ̀yin lè jókòó. Ẹ̀ ń gbọ̀n."

Òótọ́ ni. Bàámi jókòó. Màámi tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ní ìṣísẹ̀ kẹrin, ọwọ́ Bàámi na síwájú fúnra rẹ̀. Wọ́n fà á padà, wọ́n sì ki í sábẹ́ itan wọn. Nígbà tí Màámi dé ọ̀gangan wọn, omi ti ń ṣàn lójú Bàámi. Màámi ò dúró.

"Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjá.

Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wo gbogbo yàrá yí ká.

"Ta ló sún àga mi kúrò láyè ẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

Mo sún un padà sídìí tábìlì, mo sì dì wọ́n mú títí wọ́n fi jókòó. Wọ́n tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀.

"Kò ní dúró báyìí?"

"Ó di ìgbà tó bá parí, mà."

"Ó dáa."

Bàámi gbé àga pásípọ́ọ̀tù wọlé, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màámi, wọ́n sì jókòó.