Ẹ̀pìnnì Méjì Lórí Òwú Kan

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé ìpàtẹ owó àtijọ́ wà ní Èrúwà, tí ó sì wọ ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn pé òun fẹ́ wòran, àfàìmọ̀ kí ó má fi ìbínú padà. Kò sí àsíá lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí èrò. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ni, nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọjà, tí wọ́n to tábìlì mẹ́jọ sí. Orí tábìlì ni àwọn owó tí ọjà kò gbà mọ́ wà: onínì, ẹ̀pìnnì, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Ènìyàn bíi mẹ́rìnlá ní í jókòó tì wọ́n, ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn mẹ́rìnlá kan náà sì ni láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ó bá rò pé ọjà ni wọ́n wá ná ti ṣì wọ́n mọ̀. Ṣílè tí ọ̀kan nínú wọn, Àkíbù, rà lọ́wọ́ Màmá Purity, òmíràn nínú wọn, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá Purity tún ti rà á padà, ó sì tún wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, tí Àkíbù ń wò ó bí ọkùnrin ti í wo ìyàwó tí ó kọ̀ sílẹ̀. Wọ́n wá kí ẹlòmíràn lè rí ohun tí wọ́n rí ni. Nínú ilé wọn, kò sí ẹni tí í bá wọn yọ̀ sí irin kékeré.

Láńrewájú kì í pa ìpàtẹ kan jẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkun kí ó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ará ìpàtẹ kò sì yéé pè é ní Tíṣà. Ẹ̀pìnnì nìkan ni ó ń kó jọ, èyí oníhò láàárín tí àwọn ìyá wa máa ń sín sórí okùn. Ó ní kí káfíńtà kan gbẹ́ pátákó fún òun, kí ó dá ihò sí i fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rọ ẹ̀pìnnì, láti 1911 títí dé 1952, kí ó sì kọ ọdún náà sábẹ́ ihò. Gbogbo ihò ti kún, àfi ti àkọ́kọ́. Ọdún mọ́kànlá ni ihò 1911 ti lajú sílẹ̀ ní igun òkè lápá òsì. Nígbàkúùgbà tí Láńrewájú bá ṣí pátákó náà, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ, bí ahọ́n ti í lọ síbi tí eyín ti yọ.

Ó ní àlàyé fún ìṣe rẹ̀, kì í sì í fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òkìtì owó kì í ṣe ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń sọ. Ètò ni í sọ ọ́ di ìtàn. Bí a bá to owó bí ọdún ti tò wọ́n, a ó rí ọba tí ó lọ àti èyí tí ó dé, a ó rí ìgbà tí ogun mú irin wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá kó wọn dà sínú ike, ariwo nìkan ni wọn yóò máa pa. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó kọ òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: "Owó kọ̀ọ̀kan ni a ó yẹ̀ wò, owó kọ̀ọ̀kan ni a ó dá iye lé." Bí àwọn ará oko bá sì mú owó wá lórí okùn, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ni wọ́n fi ń gé okùn náà, kí a lè rí ojú owó kọ̀ọ̀kan dáadáa.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, Àkíbù ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni, láti Igangan. Inú ebè ni ó ti ń hú èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó àtijọ́ tirẹ̀ jáde.

"Tíṣà, ihò yẹn ò tíì kún síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ẹ̀wà kan dí i."

"Ẹ̀wà kò ní ọdún lára."

"Ẹ̀wà èṣí ni o! Ṣé kí n bá yín kọ ọ́ sí i lára?"

Màmá Purity, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rebecca, tí ó ń ta aṣọ ní Igbó-Ọrà tí ó sì jẹ́ alága wọn, rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀. "Àkíbù, fi bàbá oníbàbá sílẹ̀. Ìwọ tí o fẹ́ ihò náà dí ju òun lọ!"

Òtítọ́ ni ó sọ. Àkíbù náà kò ní ẹ̀pìnnì 1911.

Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Ó wo tábìlì kan, ó wo èkejì, ṣùgbọ́n ti Láńrewájú ni ó wò pẹ́ jù, bí ó ti ń yọ owó kan, tí ó ń fi aṣọ nù ún, tí ó sì ń dá a padà sí ihò rẹ̀ gan-an. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó dìde, ó wá síwájú rẹ̀, ó tú igun ìborùn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Mùnírátù ni wọ́n ń pè mí, ìyá Tàófíìk, láti Igbó-Ọrà. Ẹ bá mi wo èyí."

Ẹ̀pìnnì méjì ni, lórí òwú dúdú kan. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Láńrewájú gbé èyí funfun sábẹ́ awò tí í sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó rí 1. Ó rí 9. Òwú náà sì rọ́ bo àwọn nọ́ńbà tí ó kù.

Ọwọ́ rẹ̀ kò bi í léèrè. Ó nawọ́ mú àlùmọ́gàjí bí ó ti ṣe ń ṣe fún ọdún mọ́kànlá, ó gé òwú, ó nù ún kúrò. 1911.

Bí inú rẹ̀ ti dùn tó, kò jẹ́ kí ó hàn. Ẹni tí ó ń ra nǹkan kì í yọ̀ lójú ẹni tí ó ń tà á. Ó ti èyí pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìka. "Ìyá, èyí funfun ni mo fẹ́. Iye tó dára ni n ó san. Èyí pupa jẹ́ ti 1952. Mo ti ní irú rẹ̀ méjì nílé, ẹ lè máa mú un lọ."

Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Òwú tí ó já sórí tábìlì ni ó ń wò.

"Ẹ ti gé e," ni ó wí.

Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, síbẹ̀ Màmá Purity gbọ́ ọ láti òdìkejì yàrá, ó sì yíjú sí wọn. Mùnírátù kó ẹ̀pìnnì méjèèjì, ó so wọ́n padà sí igun ìborùn, ó ní ó dàbọ̀ o, ó sì jáde.

"Kí ni mo ṣe?" ni Láńrewájú bèèrè.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà! Ọmọ Ìbàràpá!" Màmá Purity ti sún mọ́ tábìlì. "Ìyá kan gbéra láti Igbó-Ọrà, ó mú nǹkan méjì tí wọ́n so pọ̀ wá, ẹ kò bèèrè pé ta ni wọ́n so ó fún? Ní Igbó-Ọrà! Níbi tí ẹ bá ju òkò, orí ìbejì ni yóò bà."

"Òfin wa ni pé owó kọ̀ọ̀kan..."

"Ẹ̀yin lẹ kọ òfin yẹn. Èmi kàn bá yín lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni."

Àkíbù ti dìde dúró. Láàárín wọn, bí ẹni tí ó ni owó bá ti kúrò níwájú tábìlì ẹnìkan, onítábìlì náà kò ní ẹ̀tọ́ lórí owó náà mọ́. Ẹlòmíràn lè bá a sọ̀rọ̀. Láńrewájú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rí i bí ojú Àkíbù ti lọ sí ẹnu ọ̀nà, tí ó sì padà sọ́dọ̀ òun.

"Tíṣà, ẹ lọ," ni Àkíbù wí. "N ó kà dé ogún. Bí ẹ kò bá tíì lọ, èmi á lọ o. N kì í ṣe málékà."

Láńrewájú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá òwú tí ó gé, tí ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, títí ó fi rí i lábẹ́ àga. Ó gbé pátákó rẹ̀ sábíyá, ó jáde.

Abẹ́ igi máńgòrò ni ó bá obìnrin náà, tí ó ń dúró de ọlọ́kadà tí yóò gbé e lọ sí gáréèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ọjọ́ orí ti gbà á láyè mọ, ó sì na òwú náà sí i. Obìnrin náà gbà á, ó sì wò ó.

"Ọkọ mi ni ó so èyí," ni ó wí. "Kẹ́hìndé ni. Nígbà tí wọ́n bí òun àti Táyé, bàbá wọn wá owó kan fún ìdí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tuntun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná lọ́dún yẹn, ó so ó mọ́ Táyé. Èyí àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó so ó mọ́ Kẹ́hìndé. Nígbà tí Táyé kú, ọkọ mi mú méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀. Òun náà ti lọ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ mi wà káàkiri. Bí mo bá fún wọn, ọ̀kan á lọ sí Èkó, ọ̀kan á sọnù. Wọ́n ní ẹ̀yin kan wà ní Èrúwà tí ń tọ́jú owó. Mo ti jókòó wò yín láti àárọ̀. Mo ní ẹni tí kò jẹ́ kí ẹyọ owó kan sùn síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, òun ni n ó fún."

Ọ̀rọ̀ náà dun Láńrewájú ju èébú lọ. Ètò rẹ̀ ni ó fà á wá, ètò rẹ̀ kan náà ni ó sì lé e lọ.

"N ó mú méjèèjì, ìyá," ni ó wí kíákíá. Ó ṣí pátákó. "Ẹ wò ó. Ihò Kẹ́hìndé nìyí, ó ti ń dúró dè é. N ó yọ 1952 tèmi kúrò, n ó fi ti Táyé rọ́pò rẹ̀."

"Níbo nìyẹn?"

Ó fi hàn án. Ihò tí ó gbẹ̀yìn ni, ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Obìnrin náà fi ìka tọ̀ ọ́ láti igun kan dé igun kejì, bí ẹni tí ń wọn aṣọ.

"Ó jìnnà," ni ó wí.

"Bí ọdún ti tò wọ́n ni, ìyá. Èyí tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ṣíwájú. Bí a kò bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹni tí ó ń wò ó yóò ṣe mọ àgbà yàtọ̀ sí àbúrò?"

Mùnírátù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Tíṣà, ta ni ó kọ́kọ́ jáde, Táyé àbí Kẹ́hìndé?"

"Táyé ni."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

Láńrewájú tún wo pátákó rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n nílẹ̀ yìí: Táyé jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ó rán an pé kí ó lọ tọ́ ayé wò, àgbà ni í ránni níṣẹ́. Bàbá àwọn ìbejì yẹn mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí owó àgbà fi lọ sí ìdí ẹni tí a bí kẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá ni òun fi ń jiyàn pé ọjọ́ ìbí owó nìkan ni ó lè sọ ipò rẹ̀ fún wa, owó méjì wá wà níwájú òun tí ipò wọn ti ọwọ́ ènìyàn wá.

Ọlọ́kadà kan ya wọ abẹ́ igi, ó fọn fèrè. Mùnírátù kò gùn ún.

Láńrewájú fi èékánná yọ ẹ̀pìnnì 1912 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò òfìfo náà. Láti ìgbà tí ó ti fi owó yẹn síbẹ̀ kò tíì ṣí kúrò rí. Ó sọ ọ́ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ó na pátákó sí obìnrin náà. "Ẹ fọwọ́ ara yín fi wọ́n sí i."

Mùnírátù tú igun ìborùn rẹ̀, ó fi Kẹ́hìndé sínú ihò 1911. Ó fi Táyé sínú ihò 1912. Lẹ́yìn náà, ó fa òwú kan yọ láti etí ìborùn rẹ̀, ó kì í bọ ihò àárín owó méjèèjì, ó so ó. Òwú tí ọkọ rẹ̀ so, tí a ti gé, ó ká a mọ́ ìka, òun nìkan ni ó mú padà lọ sílé.

"Iye tí ẹ bá san fún Kẹ́hìndé ni ẹ ó san fún Táyé," ni ó wí.

Kò sí ẹni tí ó mọ owó àtijọ́ tí yóò san irú iye bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀pìnnì 1952. Láńrewájú san án.

Nígbà tí ó padà wọlé, gbogbo wọn pé lé pátákó náà lórí. Àkíbù wò ó, ó tún un wò. "Tíṣà! 1952 ni mo rí nínú ilé 1912 yìí? Ẹ̀yin tí ẹ bú mi lọ́jọ́sí nítorí sísì méjì tí mo tò sí àyè ara wọn!"

"Ibẹ̀ ni àyè rẹ̀," ni Láńrewájú wí. Wọ́n dúró de àlàyé tí yóò tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò sí àlàyé kankan.

Ní ìpàtẹ tí ó tẹ̀ lé e, ó tẹ́ ẹ̀pìnnì 1912 sórí aṣọ, fún títà. Àlùmọ́gàjí kò sí lórí tábìlì mọ́. Àkíbù gbé owó náà, ó yí i padà sábẹ́ awò, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Kò ní ọdún yẹn. Ó ti fẹ́ nawọ́ sápò kí ó tó tún dúró, tí ó sì wo Láńrewájú láìrẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, kí n tó mú un lọ. Ṣé kò ní èkejì?"