Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Èémí?

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fún ìyàwó rẹ̀ ní atẹ́gùn dákẹ́ láàárọ̀, Bàbá Oní-rédíò ò ké gbàjarè. Ogójì ọdún ló fi tún rédíò ṣe. Ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ ò já a láyà. Ó so ìyàwó rẹ̀ mọ́ sílíńdà atẹ́gùn tí wọ́n fi pamọ́, èyí tí kò lè kọjá ìrọ̀lẹ́, ó sì tú ẹ̀rọ náà wò. Fáànù inú rẹ̀ ló jóná. Ó yọ irú rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó fi òjé lẹ wáyà rẹ̀, ó dé e padà.

Fáànù ń yí, àmọ́ atẹ́gùn ò jáde. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé àfi kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe òun tẹ nọ́ńbà àṣírí. Inú bí bàbá. Ohun tí wọ́n fi owó ara wọn rà, ó wá di ohun tí wọ́n ń tọrọ àyè kí wọ́n tó lò! Kò sọ́gbọ́n, ó pè wọ́n lórí fóònù.

"Ẹ má sọ pé ẹ ṣí i o," ìyàwó rẹ̀ kìlọ̀. "Mo mọ ẹnu yín."

Ọ̀sán ti pọ́n kí òṣìṣẹ́ wọn tó dé, obìnrin kan ni. Ó gbé etí lé ẹ̀rọ.

"Fáànù tiwa yìí mà dáa o. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ wẹ́ẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ìgboro ò lè ṣe irú ẹ̀ láyé."

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó tún gbé e mì. Kò lọ.

"Fáànù wo? Èmi ni mo fi síbẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

Ìyàwó rẹ̀ dijú. Òṣìṣẹ́ náà gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

"Sà, ẹ̀rọ tí ẹlòmíì bá ti ṣí, wọ́n ní ká máa gbé e lọ ni. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Atẹ́gùn inú sílíńdà ti fẹ́ tán. Ẹ̀rù ba bàbá. Ẹnu òun lòun fẹ́ fi pa ìyàwó òun yìí.

Ìyàwó rẹ̀ fa rọ́bà atẹ́gùn kúrò nímú díẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló ni ẹ̀rọ yìí?"

Òṣìṣẹ́ náà wo rìsíìtì tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà lórí tábìlì. "Ẹ̀yin ni, mà."

Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà náà, ó sì ń pè é sókè ketekete bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. "Méje. Òdo. Mẹ́rin." Ó dúró, ó yíjú sí bàbá.

"Sà, ṣé ẹ ò ní bírò ni?"