Àwọn Méjì Tó Ṣe “Bínú Díẹ̀díẹ̀”

Ní àdúgbò Àrẹ̀mọ níbí, bí ẹ bá gbọ́ tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń jiyàn lẹ́yìn ilé Bàbá Oyèdélé, ẹ má sáré lọ là wọ́n. Orin ni wọ́n ń ṣe.

Ògoolúwa ni ọkùnrin yẹn, ọmọ Bàbá Oyèdélé fúnra wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, wọ́n sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ògo kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá kí i, á kọ́kọ́ rò ó wò ná kó tó dáhùn. Òun ló ń to ohùn orin pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kan lẹ́yìnkùlé tó fi fóòmù àlòkù bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà jáde. Ariwo ń jáde. Waliyat ni obìnrin náà, ọmọ aránṣọ kan ní Bẹẹrẹ. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ orin. Kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè tán, ó ti dáhùn, ó sì ti bá yín tún ìbéèrè náà ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti pàdé. Tíṣà kan ló mú Waliyat jókòó ti Ògo, pé bóyá á kọ́ ìdákẹ́jẹ́ lára rẹ̀. Kò kọ́ ọ. Ògo ń fi ìka lu tábìlì, Waliyat ń fi ọ̀rọ̀ sí i, bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Olórin ni wọ́n ń ṣe orin fún, àwọn fúnra wọn kì í kọ ọ́ síta. Ohùn Waliyat, ká má purọ́, kò dùn. Ti Ògo, a ò tíì gbọ́ ọ. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé orin ìpolówó ọṣẹ àti ti ilé ìwé jẹ́léósinmi nìkan ni wọ́n ń rí ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń jà lórí bó ṣe yẹ kí orin kan yá tó. Waliyat ní kó yá. Ògo ní kó rọra. Inú bí Waliyat, ó yọ ṣùtì, ó mú báàgì, ó ń lọ.

Ògo ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Waliyat, jọ̀ọ́, bínú díẹ̀díẹ̀.”

Waliyat dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Kí lo wí?”

“Mo ní kó o bínú díẹ̀díẹ̀. Má bínú tán lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ó padà wá jókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orin ti délẹ̀: ìyàwó ń bínú, ọkọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bínú díẹ̀díẹ̀, kó ṣẹ́ ti ọ̀la kù. Olúwadámilọ́lá, olórin kan tó ti Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ lọ sí Èkó, ló kọ ọ́. Kò pẹ́ tó fi gba ìgboro. Ọlọ́kadà ń fi bẹ ọlọ́pàá ní Mápó. Àwọn ìyàwó ilé ní Bẹyẹrúnkà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ọkọ wọn. Bàbá Oyèdélé, tí wọ́n ti ní orin ayé ò gbọdọ̀ wọ ilé àwọn, ni a gbọ́ tí wọ́n ń fi imú kọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan wá pe àwọn méjèèjì. Olóòtú bi wọ́n pé, “Ta ló ni ọ̀rọ̀ yẹn nínú yín, ‘bínú díẹ̀díẹ̀’?”

“Èmi ni,” ni Waliyat wí.

Ògo rò ó wò. “Èmi ni mo sọ ọ́.”

“Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di orin.”

“Bí mi ò bá sọ ọ́, kí lo máa sọ di orin?”

“Bí mi ò bá bínú, ta lo máa sọ ọ́ fún?”

Olóòtú rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn olùgbọ́ máa pè. Gbogbo ẹni tó pè ló ń kọ orin náà fún wọn. Ó yẹ kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kò pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe jáde, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀, pé òun á máa dá a ṣe.

Ògo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀kan han Olúwadámilọ́lá: “Ìfẹ́ rẹ dùn, ó dùn bí ohun tó dùn.”

Olúwadámilọ́lá fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Bọ̀dá Ògo, ṣé ìyókù ń bọ̀?”

Kò sí ìyókù.

Waliyat ní tirẹ̀ rí ọkùnrin kan tó ń to ohùn orin lọ́nà Agodi, tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí yàrá rẹ̀ tutù. Waliyat ní kó yá, ó mú un yá. Waliyat ní kó rọra, ó mú un rọra. “Ó dáa, mà,” ló ń sọ ṣáá. Nígbà tí Waliyat gbọ́ orin tí wọ́n ṣe, ojú rẹ̀ fà ro. “Ó dà bíi pé èmi nìkan ni mò ń dá sọ̀rọ̀,” ló sọ fún ìyá rẹ̀.

Bàbá Oyèdélé ló wá gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Bẹẹrẹ. Waliyat kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ọmọ mi ti ń bá kọ̀ǹpútà jà báyìí,” ni wọ́n wí. “Mo fara mọ́ kó máa bá ìwọ jà ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ṣé òun ló rán yín, bàbá?”

“Ògo? Ó ṣì ń rò ó wò. Èmi ti dàgbà, mi ò lè dúró dè é.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Waliyat láìròtẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dé Àrẹ̀mọ. Ògo ò bẹ̀ ẹ́, òun náà ò bẹ Ògo. Ògo kàn tẹ orin kan fún un gbọ́.

“Ṣé òkú ni wọ́n ń gbé kọjá ni?” Waliyat bi í.

“Ọ̀rọ̀ ló ń dúró dè,” Ògo fèsì. Lẹ́yìn náà ló ní, “Waliyat, ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.”

“Àwa méjèèjì la ni ín. Jẹ́ kó yá díẹ̀ sí i.”

“Kò ní yá.”

A gbọ́ wọn délé wa, ọkàn wa sì balẹ̀. Orin tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn, tí olórin mìíràn, Àgbékẹ́, kọ, kò gba ìgboro. Àwa ará àdúgbò nìkan la fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ èyí tó tẹ̀ lé e dé ibi gbogbo, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà lára rẹ̀.

A ti fi ọkàn sí i pé wọ́n á fẹ́ra wọn. Lọ́jọ́ kan ni Waliyat mú káfíńtà kan wá fi hàn wá, Àkíbù, onísùúrù ènìyàn. Lọ́jọ́ yìgì, ojú Ògo la ń wò, bóyá a máa rí ìbànújẹ́ níbẹ̀. Ẹran ló ń jẹ. Ó dùn wá díẹ̀.

Àkíbù fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Bọ̀dá Ògo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láéláé. Bó bá ti ọ̀dọ̀ yín dé, ó ti jà tán. Ẹ̀rín nìkan ló máa ń gbé wá fún mi.”

“Ẹ jẹ́ kó tètè dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè,” ni Ògo wí, ó sì na ọwọ́ sí ẹran mìíràn.