Fíltà Àlejò

"Ìyá, irú omi wo lẹ fẹ́ máa dà sí i?"

Barnabas tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná lẹ́bàá ọjà Ọ̀mù-Àrán ló bi Jàrátù bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́jà lásán ni, ṣùgbọ́n ó dun obìnrin náà. Ó fa ìborùn rẹ̀ gun èjìká.

"Omi kànga ni," ó dáhùn. "Omi kànga tó mọ́. Ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ."

Barnabas ní òun gbọ́. Ó ní ṣé omi náà máa ń pọ́n bí òjò bá rọ̀? Jàrátù ní rárá. Barnabas tún ní ṣé ìdọ̀tí máa ń wà nísàlẹ̀ korobá? Jàrátù ní ó máa ń wà díẹ̀, àmọ́ òun a máa fi álọ́ọ̀mù sí i. Barnabas ní álọ́ọ̀mù dára fún ìdọ̀tí tí ojú rí, kò lè ṣe nǹkan kan sí èyí tí ojú ò rí. Ó wá béèrè bóyá ṣalángá kankan wà nítòsí kànga náà. Ṣalángá ilé kejì ò jìnnà síbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, kò kàn sẹ́ni tó ń sọ ọ́ ni.

Kànga náà kì í ṣe kànga lásán lójú ìyá yìí. Ọdún tó bí Lubabah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni Àbúdùlàhí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ ẹ, nítorí kò fẹ́ kí abiyamọ máa ru omi láti ọ̀nà jíjìn. Ọlọ́run ti pe Àbúdùlàhí lọ báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Jàrátù bá fa omi ló ń tọrọ aljánnà fún un. Bí korobá bá kan omi nísàlẹ̀, tí ó dún, a máa ṣe é bíi pé ọkùnrin náà dá òun lóhùn. Ẹ wá ní kó gbà pé omi yẹn ló dá ọmọ ọmọ òun dùbúlẹ̀!

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n sì sọ nìyẹn. Lubabah àti Mùstàfá ọmọ rẹ̀ wá láti Ìlọrin ṣe ọdún Iléyá lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n padà délé, ara ọmọ gbóná. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n sì béèrè irú omi tó mu. Abdulganiyu, bàbá ọmọ náà, ló jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi yá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn pe Jàrátù lórí fóònù, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ọmọ yìí ò ní lè wá síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀." Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún ló wá gùn títí tí kò lópin.

Ìlọrin ò jìnnà. Jàrátù ti lọ kí wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jókòó pẹ́ nílé àna, ibi tí èèyàn ti ń fọgbọ́n wúkọ́. Nílé tirẹ̀ ló fẹ́ rí ọmọ náà, kó máa sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa da ilé rú, kí òun máa pariwo lé e lórí. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń rí ara wọn nínú fóònù, àmọ́ ọmọ inú fóònù kò ṣe é gbé pọ̀n. Àárò ọmọ yẹn sọ Jàrátù débi pé bí ọmọ ẹlòmíì bá ń sunkún lójúde, yóò ti dìde kó tó rántí pé kì í ṣe tòun.

Lubabah ló ní tí ìyá òun bá lè ra fíltà, ọkàn ọkọ òun á balẹ̀. Jàrátù kọ́kọ́ bínú. Ó ní omi tí òun fi tọ́ Lubabah kò pa á. Nígbà tó bínú tán, tí ilé sì tún pa lọ́lọ́, ó wọ bàtà, ó gba ọjà lọ.

Oríṣi fíltà mẹ́ta ni Barnabas gbé kalẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Èyí mú Jàrátù rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà lójúde wọn, aláǹgbá ló ń gbé inú ẹ̀. Èkejì rí bíi jọ́ọ̀gì, ó mọ́ra, àmọ́ Barnabas ò tàn án: ohun tó ń sẹ́ omi nínú ẹ̀ kì í pẹ́ gbó, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì ti ń rà á. Ẹ̀kẹta ni onírin dídán, agbada kan jókòó lórí agbada kejì. Nínú èyí òkè, ohun funfun kan tí wọ́n fi amọ̀ ṣe dúró ṣánṣán. Ọmọ fíltà ni Barnabas pè é. Èèyàn á da omi sókè, omi á gba ara amọ̀ yẹn kán sísàlẹ̀, èèyàn á sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ìsàlẹ̀ bu ún. Orí tábìlì ló ń jókòó sí, kò bẹ iná mànàmáná, kò bẹ ìjọba.

Eléyìí ni Jàrátù yàn. Amọ̀ yé e. Ìlú Agbamu ni wọ́n bí i sí, omi inú àmù ló mu dàgbà, títí di òní yìí, àmù ìyá ọkọ rẹ̀ ṣì wà nígun yàrá rẹ̀.

Barnabas wá kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tọ́jú ẹ̀. Omi àkọ́kọ́, kó dà á nù. Ọmọ fíltà, kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ara ẹ̀ bí omi ò bá kán dáadáa mọ́, kó má fi ọṣẹ kàn án, nítorí amọ̀ á mu ọṣẹ. Kó máa gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Kó má kánjú mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán. "Kẹ́ ẹ sì máa mu ún lójoojúmọ́ o, Ìyá," ó fi kún un. "Ẹ má jẹ́ kí omi dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀." Jàrátù mú gbogbo ẹ̀ dání, àfi èyí tó kẹ́yìn. Àdúrà ọlọ́jà ló pe ìyẹn, bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé ẹ ó lò ó gbó. Ó ṣe àmín, ó gbé fíltà rẹ̀ lọ.

Ẹ má wulẹ̀ dá a lẹ́bi. Ta ni nínú wa tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn? Àwo tó dára jù wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù ń retí àlejò, onílé ń jẹun nínú èyí tí etí ẹ̀ ti bó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jàrátù gbé fíltà sórí tábìlì ní pálọ̀. Ó da omi àkọ́kọ́ nù bí wọ́n ṣe wí, ó tún un pọn kún, ó dúró títí ó fi kán, ó wá da aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà sí bò ó. Ó parí. Ó padà sídìí àmù rẹ̀ lọ mu omi.

Gbogbo Jímọ̀ ló ń ṣí aṣọ yẹn, tó ń nu ara irin náà títí yóò fi rí ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀. Hàjàrá ará ilé kejì tọrọ ife omi kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, Jàrátù ní kó má bínú, ti Mùstàfá ni. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Wọ́n gba ààwẹ̀, wọ́n túnú. Lubabah á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn ń bọ̀, iṣẹ́ á dí i, á tún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jàrátù á ní kò burú, á tún nu fíltà.

Wọ́n wá nígbẹ̀yìn, lọ́jọ́ Sátidé kan, Lubabah ló wa mọ́tò. Mùstàfá ti ga. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Jàrátù dé egungun. Ọmọ tó ń pariwo orúkọ òun nínú fóònù kò mọ òun lójúkojú mọ́. Lubabah sì sọ fún un látẹnu ọ̀nà pé àwọn ò ní sùn. Bí wọ́n bá ti kí ìrun Aláásárì tán, àwọn á gbéra. Bàbá ọmọ ṣì ń bẹ̀rù, ó ní káwọn kọ́kọ́ lọ wo bí omi ṣe rí.

"Ẹ wá wò ó nígbà náà," Jàrátù wí.

Ó mú wọn wọ pálọ̀, ó ká aṣọ funfun kúrò bí ẹni ń ṣí ìyàwó lójú. Fíltà ń dán yanran. Inú Lubabah dùn, ó mú ife, ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ kékeré náà.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Omi tó tẹ̀ lé e ti ń fà bí ilá. Lubabah ṣí ọmọrí, ó wo inú agbada òkè, ó rọra dé e padà. Ó jáde lọ sídìí mọ́tò, ó sì gbé pálí omi ìgò kan wọlé, ó ṣí ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀. Jàrátù dúró síbẹ̀, ó di aṣọ funfun mú.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ mu omi inú ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò mu ún rí. Ti ọmọ ni."

"Ìgbà wo lẹ wá pọn omi yìí sí i?"

"Ọjọ́ tí mo rà á."

Lubabah fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì tún fẹ́ pa á. Ó wo ara irin tó ń dán yẹn, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì jókòó.

"Omi wo lẹ̀yin wá ń mu?"

"Omi bàbá ẹ, nínú àmù." Jàrátù ń ká aṣọ funfun ọwọ́ rẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá ń lò ó, á gbó kẹ́ ẹ tó dé. Àárò yín ń pa mí, Lubabah. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń nù ún, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀la lẹ ń bọ̀."

Lubabah bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí ìyá òun bá òun wá búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Jàrátù sọ fún un pé wọn kì í fi ọṣẹ kan ọmọ fíltà, Lubabah ní òun ti gbọ́. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni wọ́n fi fọ agbada méjèèjì, ọmọ fíltà sì wà lọ́wọ́ Jàrátù, ó ń rọra fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ìkókó, títí yíyọ̀ náà fi kúrò, tí amọ̀ funfun padà yọjú. Mùstàfá tó ti ń sá fún ìyá àgbà sún mọ́ wọn láti wò ó. Nígbà tí wọ́n lọ pọn omi, òun ló fẹ́ fa okùn. Ìyá rẹ̀ dì í mú látẹ̀yìn, ó sọ fún un pé bàbá òun ló gbẹ́ kànga yẹn.

Wọ́n da omi sókè, wọ́n jókòó tì í. Ó ń kán, tó, tó, tó. Wọ́n da tàkọ́kọ́ sídìí ata nínú ọgbà. Wọ́n tún un pọn, wọ́n tún un dà nù. Ìgbà tí wọ́n pọn ẹ̀kẹta, wọ́n ti kí ìrun Aláásárì tán, oòrùn sì ti ń rọlẹ̀. Jàrátù ń wo mọ́tò tó wà lójúde, kò lè sọ pé kí wọ́n má lọ. Òun ló ba omi jẹ́, ẹnu wo ló kù tí yóò fi bẹ̀bẹ̀?

Fóònù Lubabah dún. Abdulganiyu ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti gbéra. Lubabah ní wọn ò tíì gbéra, omi fíltà làwọn ń dúró dè. Ọkọ rẹ̀ ní ṣé omi ìgò tí wọ́n gbé lọ ti tán ni?

"Kò tán," Lubabah dáhùn. "Ó ṣì pọ̀."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Lubabah wo ìyá rẹ̀. Jàrátù ń nu ife kan tó ti gbẹ tipẹ́.

"Omi ilé wa ni mo fẹ́ kí ọmọ mi mu," ó ní. "Ó sì máa ń pẹ́ kó tó kán. A ó sùn."

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n ṣáà bá òun se omi náà kí ọmọ tó mu ún, kí wọ́n sì bá òun kí Ìyá.

Jàrátù gbé ife sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó na ẹní tó ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọn eruku ẹ̀ dànù, ó sì tẹ́ ẹ fún wọn.