Omi Orí Ògì

Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni Ìbídàpọ̀ wà, ìyẹn dá a lójú, àmọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé ìdáná náà wà. Níbi tó yẹ kí pẹpẹ wà, ààrò ló wà níbẹ̀, iná ń jó nínú rẹ̀, kò sì pariwo. Gbogbo bẹ́ǹṣì ṣófo. Òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé, kò dún. Ikọ́ kan ṣoṣo ló ń dún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńlá, ikọ́ ẹni tó ń gbìyànjú kó má yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìbídàpọ̀ mọ ikọ́ náà. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín. Ikọ́ Fẹ́hìntọlá ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀. Fẹ́hìntọlá ló bá ọkọ lọ sí Kútọnú, tí ìyá wọn ń ṣàìsàn, tí wọ́n ránṣẹ́ pè é títí, tí kò wá. Àwẹ̀ró, oríkì rẹ̀, ló wà lẹ́nu ìyá nígbà tó dákẹ́. Ó ti padà dé báyìí, ó gbẹ, ó ń wúkọ́, ilé Àlùfáà ló sì wọ̀ sí, nítorí Ìbídàpọ̀ ní kò ní tẹ ilé ìyá àwọn mọ́. Bí Àlùfáà bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Bàbá, mò ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Kí Ọlọ́run fún mi lọ́gbọ́n. Ìgbà tó bá bá mi sọ̀rọ̀, màá ṣe é." Ẹ gbọ́ ẹnu obìnrin! Òun ló ń darí àdúrà àwọn ìyá ìjọ o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀ ti dé, bí wọ́n bá gba àdúrà Olúwa débi ìdáríjì, Ìbídàpọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè ṣe. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ààwẹ̀ yìí ló rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó fi sùn lọ lórí àga, tó bá ara rẹ̀ níbi tí mò ń wí yìí.

Ìyá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín kọ́ ló wọ̀. Ìró àdìrẹ tó fi ń dáná ni, èyí tí etí rẹ̀ ti ya.

"Màámi, ẹ káàbọ̀, mà." Ìbídàpọ̀ ti kúnlẹ̀.

Ìyá kò dáhùn. Ìyẹn ò ya ọmọ lẹ́nu. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá jí, kì í kí ènìyàn, kì í jẹ́ ìkíni, àfi bó bá ti kúnlẹ̀ kí Ọlọ́run tán, tó sì pààrọ̀ omi orí ògì. Omi àná kì í tọ́jú ògì òní, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Ó dìde, ó ṣí ìkòkò. Òórùn kíkan gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àbẹ̀kẹ́." Oríkì Ìbídàpọ̀ ló fi pè é. "Ìgbà wo lo ti pààrọ̀ omi yìí?"

"Àdúrà ni mò ń gbà, mà. Mò ń tọrọ ọgbọ́n."

"Ta ló ń wúkọ́ níta?"

"Mi ò gbọ́, mà."

"Hùn-ún." Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tí kò gbọ́, báwo ni yóò ṣe gbọ́n?"

"Mò ń retí kí Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀ ni, mà."

"Èyí tó ti sọ ńkọ́? Ṣé o ti ṣe é tán?"

Ẹkún gbọ̀n Ìbídàpọ̀. "Kò wá, Màámi! Èmi nìkan ni mo wẹ̀ yín, èmi nìkan ni mo pa ojú yín dé. Ó dùn mí!"

"Mo mọ̀. Ṣé mo ní kó má dùn ọ́ ni? Ṣe é bó ṣe ń dùn ọ́ yẹn." Ìyá tẹ ìkòkò, ó ń da omi kíkan náà nù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ògì nìkan nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò kalẹ̀, kò bu omi mìíràn sí i.

"Màámi, ẹ bu omi sí i, yóò gbẹ."

Ìyá na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i, wọ́n gbẹ. "Omi ò sí lọ́wọ́ òkú, ọmọ mi. Ìyẹn kù sọ́wọ́ ìwọ." Ó kọjú sí ilẹ̀kùn. "Mo pè é títí tí mo fi lọ. Ṣé kí o lè tì í síta ni mo ṣe ń pè é?"

Ikọ́ ìta dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló já Ìbídàpọ̀ láyà, ló fi ta jí.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lára ògiri. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí ìkòkò ògì tí kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kò sí ẹ̀kán omi lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá ìkòkò tutù, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ilé wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí rẹ̀.

"Jésù!"

Ẹ má bi mí pé ta ló dà á nù. Òun náà ò mọ̀ títí dòní. Ó lọ sídìí àmù, ó bu omi tútù sórí ògì, ó sì jáde láìwé gèlè.

Orí ẹní ló bá Fẹ́hìntọlá nílé Àlùfáà. Ìyẹn fẹ́ kúnlẹ̀, ikọ́ ò jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi… ṣé Ọlọ́run ti bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

Inú ṣì ń bí Ìbídàpọ̀, kò purọ́. "Ó ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Èmi ni mi ò gbọ́. Dìde, ká lọ sílé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fẹ́hìntọlá bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìbídàpọ̀ kò dáhùn. Ojú Fẹ́hìntọlá wálẹ̀, ó rò pé ìbínú àná ló tún dé. Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí eékún, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó rí i tó dìde, tó da omi orí ògì nù, tó bu tuntun sí i. Fẹ́hìntọlá wá rántí ẹni tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún.

Ìbídàpọ̀ nu ọwọ́ sí ìró, ó yíjú sí i.

"Àwẹ̀ró, ṣé o jíire?"