Rọ́bà Kì í Dáhùn

Sista Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ọmọdé á ti gba abẹ́rẹ́ tán kó tó rántí pé òun fẹ́ ké. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo. Ojú àti ọwọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í sọ ohun tó ń ṣe. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ gbọ́?

Àwọn olùdánwò ni. Nígbà tó padà sílé ẹ̀kọ́ kó lè di olórí wọ́ọ̀dù, ère rọ́bà tó dúró fún aláìsàn ni wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn ní ìdánwò àkọ́kọ́ pé kó tọ́jú. Ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò sì la ẹnu. Wọ́n ní ohun tí àwọn kò bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò ṣe é nìyẹn. Ẹ gbọ́ mi ná! Ẹni tó ti ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ látìgbà tí àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé ṣì ń rákò, rọ́bà ló wá já a kulẹ̀. Ojú tì í débi pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló gbà jáde. Àǹfààní kan ṣoṣo ló kù. Bí ó bá tún pàdánù rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò ti tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, kò sì sí agbára yẹn lára rẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló ní kó fi òun ṣe ère. Ìyá nà gbalaja sórí ibùsùn, ó fa aṣọ ìbora dé ọrùn, ó di ojú.

“Ó yá, ìyàwó mi, máa tọ́jú mi, kó o sì máa sọ̀rọ̀ sókè.”

“Màmá, ẹ kú àárọ̀. Èmi ni nọ́ọ̀sì yín. Mo ti fọ ọwọ́ mi. Ṣé òògùn kan wà tí ara yín kọ̀? Ní báyìí, mo fẹ́ fa abẹ́rẹ́ yín…”

“Dúró ńbẹ̀!” Ìyá la ojú. “O bi mí ní ìbéèrè, o ò dúró gbèsì. Ṣé ògiri ni mí?”

“Màmá, rọ́bà kì í dáhùn.”

“Èmi ń dáhùn. Tún bi mí.”

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é nígbàkígbà tí Sista bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá kì í sì í kánjú dáhùn. Á wo àjà, á ronú jinlẹ̀. Lọ́jọ́ kan á ní ọṣẹ olóòórùn ni ara òun kọ̀, lọ́jọ́ mìíràn á ní ariwo ọmọ òun ni, ìyẹn ọkọ Sista. Inú á máa bí Sista, nítorí oorun ń kùn ún, ṣùgbọ́n á káwọ́ síwájú, á dúró.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ère rọ́bà wà lórí ibùsùn, abẹ́rẹ́ àti ìgò òògùn kékeré wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olùdánwò, obìnrin kan tó le lójú, jókòó sígun yàrá, ó mú bírò lọ́wọ́. Sista kí rọ́bà. Ó ka orúkọ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó sọ pé òun ti fọ ọwọ́.

“Ṣé òògùn kan wà tí ara yín kọ̀?”

Ó káwọ́ síwájú, ó dúró.

Rọ́bà ń wo àjà. Sista náà ń wo rọ́bà. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ló tó yé e pé èsì lòun ń retí lẹ́nu ère. Ó ti tán, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀, wọ́n á ní orí mi ti dàrú.

“Nọ́ọ̀sì,” ohùn tínrín kan sọ láti igun yàrá. Olùdánwò ni, ó ń dáhùn bí aláìsàn! “Penisílíìnì ni. Ojú mi máa ń wú, mi ò sì ní lè mí.”

Sista bojú wo ìgò inú àwo. Penisílíìnì gan-an ni wọ́n kọ sí i lára. Ó sún àwo náà sẹ́yìn.

“Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Mi ò ní fún yín ní èyí. Màá pe dókítà kó yan òmíràn.”

Nígbà tí Sista ṣe tán, olùdánwò bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ẹ yege. Gbogbo wọn ló ń bèèrè, Sista, àmọ́ wọn kì í dúró. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti gún aláìsàn mi. Ta ló kọ́ yín?”

“Ìyá ọkọ mi ni, mà.”

Sista jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó mí kanlẹ̀. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó ń kọjá rò pé nǹkan ti ṣe é.

Nígbà tó délé, ìyá ṣì wà lórí ibùsùn bó ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀, aṣọ ìbora dé ọrùn.

“Ṣé ó dáhùn?”

“Ó dáhùn, Màmá. Mo ti yege.”

“Mo sọ ọ́!”

Sista kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó fẹ́ dúpẹ́, àmọ́ ìbéèrè ló ti ẹnu rẹ̀ jáde: “Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?”

Ìyá wo àjà, ó ronú jinlẹ̀. Sista káwọ́ síwájú, ó dúró, inú kò bí i rárá lọ́tẹ̀ yìí.

“Fà mí dìde,” ni ìyá sọ nígbà tó yá. “Ẹ̀yìn ti ń dùn mí láti àárọ̀.”