Aṣọ Ìyá Ìjọ

"Kì í ṣe èmi o! Ẹ̀yin ará, ipò ńlá báyìí ò tọ́ sí irú èmi." Rhoda kúnlẹ̀ gbì sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà. "Aránṣọ lásánlàsàn ni mí. Ẹ wá ẹni tó sàn jù mí lọ, kẹ́ ẹ fi jẹ Ìyá Ìjọ."

Ká má purọ́, ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ìkúnlẹ̀ du ife-ẹ̀yẹ ní Òmù-Àrán, ilé Rhoda ni ife náà ì bá máa sùn.

Gbogbo ìjọ ló mọ bí ọ̀rọ̀ oyè ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá fi lọ èèyàn, á kọ̀, wọn á bẹ̀ ẹ́. Á tún kọ̀, wọn á fi orin bẹ̀ ẹ́. Tó bá wá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á sunkún díẹ̀, á ní ìfẹ́ Olúwa ni kó ṣẹ. Bàbá Jòhánù, olórí àwọn alàgbà, ti wúkọ́, ó ti ń ya ẹnu láti bẹ̀bẹ̀, àfi bí Pásítọ̀ Adéoyè ṣe gba gbohùngbohùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá ni Pásítọ̀ o, àmọ́ Jọ́ọ̀sì lókè Ọya ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì dàgbà sí. Kò tíì pẹ́ tó dé.

"Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Màmá wa," ó wí, omi ti dé ojú rẹ̀. "Irú ìrẹ̀lẹ̀ yìí ti wọ́n láyé. A ò ní fi túláàsì gbé ẹrù lé yín lórí, mà. Ìyá Inúmidùn, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá Inúmidùn, ọ̀rẹ́ Rhoda láti kékeré, tó ń yan gààrí lójú ọ̀nà Rórẹ́, ta gìrì. Oorun ti fẹ́ gbé e lọ.

"Bí ẹ bá ní kí n ṣe é, sà, màá ṣe é."

Àtẹ́wọ́ sọ. Rhoda ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ó já gèlè sọ sórí àga.

"Ìyá Inúmidùn! Ẹni tó ń hanrun bí wọ́n bá ń wàásù!"

Ọkọ rẹ̀, Ignatius, tìṣà tó ti fẹ̀yìntì, ń bó ọsàn jẹ́ẹ́ tirẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n wá ẹni tó sàn jù ọ́ lọ. Wọ́n wá a, wọ́n rí i."

"Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ má bá mi ṣeré o!"

"Mi ò ṣeré. Àdúrà rẹ ló tètè gbà."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi í joyè, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ tó kúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Rhoda wọ yàrá lọ. Ohun tó ń dùn ún gan-an, Ignatius ò mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú àpótí onírin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: aṣọ léèsì funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ tó fi ìlẹ̀kẹ̀ tò lọ́rùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun ni ipò náà kàn, ló ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí láti rán an.

Ọjọ́ kejì, kò tíì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dáadáa tí Jàrátù, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lódìkejì, fi ń pariwo bọ̀.

"Ìyá Tìmílẹ́yìn, ọjọ́ wo lẹ ó wọ funfun tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ ra gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tí mo ní?"

"Wọ́n ti fi oyè náà fún ẹlòmíràn."

"Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ yín?"

"Mo kọ̀ ọ́ ni."

Jàrátù pàtẹ́wọ́ pà. "Ẹ rán aṣọ rẹ̀ tán, ẹ wá kọ̀ ọ́? Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ̀sìn yín le o! Bí wọ́n bá ní kí n wá ṣe Ìyá Àdínnì, kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, mo ti jókòó."

"Lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ná."

Bí Jàrátù ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ ni Ìyá Inúmidùn wọlé, eruku ọ̀nà Rórẹ́ bo sálúbàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wú.

"Rhoda mi, mi ò lè ṣe é. Mi ò ní aṣọ funfun kan tó ṣeé wò, mi ò sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ níwájú èrò. Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ni mò ń lọ, kó gbé e padà fún ọ. Bí ìwọ pẹ̀lú gbogbo ìrẹ̀lẹ̀ rẹ bá ní o ò yẹ, ta ni mo jẹ́?"

Ẹnu Rhoda tí kì í dákẹ́, kó sáà dákẹ́ lónìí nìkan ló kù, oyè á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Pásítọ̀ á wá bẹ̀ ẹ́. Á kọ̀ díẹ̀, kò ní kọ̀ jù.

Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn alàgbà mọ̀ pé eré ni. Ignatius mọ̀. Jàrátù tó jẹ́ mùsùlùmí gan-an ti mọ̀. Ìyá Inúmidùn ní tirẹ̀ gba ìkúnlẹ̀ yẹn gbọ́ pátápátá, ó sì fi í sunkún mọ́jú.

Rhoda dìde, ó ṣí àpótí, ó tẹ́ aṣọ funfun náà sórí tábìlì.

"Kí nìyí?"

"Aṣọ Ìyá Ìjọ."

"Ìgbà wo lo rán an?"

"Kí wọ́n tó pè mí."

"Kí wọ́n tó... Rhoda! Ṣebí o ní..."

"Orókún mi nìkan ló kúnlẹ̀. Èmi fúnra mi wà lórí ìdúró."

Ìyá Inúmidùn wo aṣọ, ó wo Rhoda. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gun èjìká, ó sì bú jáde débi pé ó di ògiri mú. "Mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n máa fìwà jọ ọ́!"

"Rín in tán. Àmọ́ má dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ yẹn o. Ọmọ Jọ́ọ̀sì ni. Bí o bá ní o ò ṣe, á gbà ọ́ gbọ́."

"Aṣọ yìí ò lè gbà mí, wo bí mo ṣe tó."

"Kí ni mò ń rán jẹun? Mo fi aṣọ sílẹ̀ nínú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo mọ̀ pé màá sanra sórí oyè."

Ó mú abẹfẹ́lẹ́, ó tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan bọ́, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó fi ẹ̀rọ tún un rán, ó gbé e wọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ku etí ìsàlẹ̀, tó ń wọ́lẹ̀. Rhoda fi ètè mú píìnì, ó rọra kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, láàárín àwọn àjákù aṣọ, eékún rẹ̀ dún kọ̀.

"Rhoda, dìde, jẹ́ kí n gun àpótí."

"Má mì," ó sọ̀rọ̀ tòun ti píìnì lẹ́nu, ó sì ń nu eruku kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó má baà yí aṣọ. "Dúró jẹ́ẹ́, Ìyá Ìjọ."